Àgbàrá Òjò àti Àwòṣe Kọ̀ǹpútà: Bí Ọmọ Aráyé Ṣe Kọ́ Láti Máa Ṣírò Omi Ìlú

  Òjò ti dé. Láti àná ni ó ti ń rọ̀ ní Ìbàdàn. Mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ń wo bí omi ṣe ń sá lórí títì lọ sínú gọ́tà, tí gọ́tà sì ń dá a padà sójú títì nítorí pé ike àti ọ̀rá piọ wọ́tà ti dí i lẹ́nu.

Ọ̀kan nínú yín, tó ti di ẹnjiníà báyìí lẹ́yìn tó ti fi ọdún kan gbáko jìyà lọ́wọ́ mi nínú ẹ̀kọ́ ìró èdè, gbọ́ pé mo ń ka ìwé nípa bí wọ́n ṣe ń fi kọ̀ǹpútà ṣètò omi ìlú. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Prof, ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ló kan ẹ̀yin àti ọ̀rọ̀ páìpù?" Ìbéèrè rẹ̀ dára. Ìdáhùn méjì ni mo ní. Àkọ́kọ́ ni òjò ọjọ́ kan ní ọdún 1980. Èkejì ni àṣìṣe kan tí èmi fúnra mi ṣe ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, tí n kò tíì sọ fún yín rí. N ó sọ méjèèjì lónìí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn sí àárín wọn.

Àtẹ̀gùn kẹta

Ọjọ́ Àìkú ni 31 August 1980. Olùkọ́ kékeré ni mí nígbà náà, mo háyà yàrá méjì nínú ilé kan tí kò jìnnà sí odò Ọ̀gùnpa. Ẹ̀yin tí ẹ bá mọ Ìbàdàn mọ odò yìí. Àárín ìgboro ló gbà kọjá, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ọmọdé lè fò ó kọjá. Ilé wa ní àtẹ̀gùn márùn-ún níwájú. Nígbà tí mo fẹ́ gbowó ilé sílẹ̀, mo bi ìyá onílé bóyá omi máa ń wọlé. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀. Ó ní látìgbà tí òun ti dé ilé náà ní 1964, omi kò kọjá àtẹ̀gùn kẹta rí, pé ti 1978 tó gbé ènìyàn lọ pàápàá, àtẹ̀gùn kẹta ló dúró sí. Irọ́ kọ́ ni ìyá náà pa. Ohun tó fojú rí ló sọ.

Òjò ọjọ́ Àìkú yẹn kò dá. Ọ̀pọ̀ wákàtí ló fi rọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Ọ̀gùnpa ti kó ilé, kó mọ́tò, kó ọjà, kó ènìyàn lọ. Ìròyìn náà burú tó bẹ́ẹ̀ tí Ààrẹ Shehu Shagari fi wá sí Ìbàdàn fúnra rẹ̀ láti wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Ní ilé tiwa, a dúpẹ́ pé ẹ̀mí kankan kò bọ́. Ṣùgbọ́n omi kọjá àtẹ̀gùn márààrún, ó wọ yàrá mi, ó sì ba àpótí téèpù kan jẹ́ pátápátá. Ohùn àwọn àgbàlagbà ló wà nínú téèpù wọ̀nyẹn, tí mo ti fi ọdún mẹ́rin gbà sílẹ̀ láti abúlé dé abúlé. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ni ohùn ọ̀hún ti kú. N kò lè padà lọ bá wọn.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, bàbá arúgbó kan ládùúgbò wá kí wa. Ó wo ibi tí omi fi ẹrẹ̀ sí lára ògiri, ó mi orí, ó ní, "Ibí yìí náà ló dé ní 1963." Ẹ wò ó o. Ìyá onílé dé ní 1964. Ọdún kan péré ló fi pàdánù ìmọ̀ tí ì bá gba ilé wa là. Ọdún 16 tó fi ń wo omi tó fún un láti ní ìdánilójú, kò sì tó fún un láti mọ òtítọ́.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, torí ìṣòro ìyá onílé mi ni ìṣòro gbogbo àwọn ẹnjiníà tí mo fẹ́ sọ ìtàn wọn.

Ohun mẹ́ta tí a ń sọ di púpọ̀

Àwọn àgbà ní, àgbàrá òjò kò ní òun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Báwo wáá ni onílé kò ṣe ní gbà? Ó gbọ́dọ̀ mọ bí àgbàrá ṣe máa pọ̀ tó kó tó dé. Ìbéèrè yìí ni àwọn ará Yúróòpù àti Amẹ́ríkà gbé ka iwájú ara wọn nígbà tí ìlú wọn ń fẹ̀.

Ní 1851, Thomas Mulvany, ẹnjiníà ará Ireland, gbé ìlànà kan kalẹ̀. Ní 1889, Emil Kuichling, tó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Rochester ní ìpínlẹ̀ New York, lo irú ìlànà bẹ́ẹ̀ fún gọ́tà ìlú. Ìlànà náà rọrùn. Mú bí òjò ṣe ń rọ̀ kíkan tó. Fi bí ilẹ̀ tí òjò náà ń rọ̀ sí ṣe fẹ̀ tó sọ ọ́ di púpọ̀. Lẹ́yìn náà, fi ìdá omi tí ilẹ̀ kò ní mu sọ ọ́ di púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ohun tó bá kù ni omi tí gọ́tà rẹ gbọ́dọ̀ lè gbé.

Ohun kẹta yẹn ló ṣe pàtàkì jù fún wa. Igbó máa ń mu ọ̀pọ̀ nínú òjò. Páànù kì í mu nǹkan kan. Sìmẹ́ńtì àti ọ̀dà títì, bákan náà. Nígbà tí àwọn baba ńlá wa fi koríko bẹẹrẹ àti ewé bo ilé, tí àgbàlá sì jẹ́ erùpẹ̀, òjò tó bọ́ sílẹ̀ ń rí ibi wọ̀. A wá fi páànù bo gbogbo rẹ̀, a fi sìmẹ́ńtì rẹ́ àgbàlá, a da ọ̀dà sí títì, a kọ́lé sí ibi tí odò máa ń sinmi sí. Òjò kan náà ni òjò ayé àtijọ́ àti ti òde òní. Odò tó ń gbà á kì í ṣe odò kan náà mọ́. Ìdí nìyí tí Ọ̀gùnpa fi ṣe wá léṣe ní 1960, ní 1963, ní 1978, ní 1980, tí a sì ń sọ lọ́dọọdún pé ìṣẹ̀lẹ̀ àìròtẹ́lẹ̀ ni.

Omi inú páìpù

Ìyẹn ni omi tó ń bọ̀ tí a kò pè. Èyí tí a ń pè tí kì í jẹ́ wá ńkọ́? Mo ń sọ ti omi ẹ̀rọ. Ìbàdàn ní dáàmù Ẹlẹ́yẹlé ní 1942. Nígbà tó yá, kò tó mọ́, wọ́n lọ sí odò Ọ̀ṣun ní Àṣẹ́jìrẹ, wọ́n kọ́ dáàmù síbẹ̀. Ṣùgbọ́n kíkó omi jọ kọ́ ló nira jù, bí kò ṣe pípín in.

Henry Darcy, ará Faransé, ti fi hàn nínú ìwé tó kọ ní 1856 lórí omi ìlú Dijon bí a ṣe lè ṣírò ìrìn omi, inú páìpù ni o, inú iyanrìn ni o. Omi tó ń sáré nínú páìpù ń fara ha ògiri rẹ̀, agbára rẹ̀ sì ń dínkù bó ti ń lọ. Bí páìpù bá jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, ìṣírò náà kò le. Ṣùgbọ́n páìpù ìlú kì í ṣe ẹyọ kan. Ó dà bí àwọ̀n. Omi lè gba ọ̀tún dé ilé rẹ, ó sì lè gba òsì. Èló ló gba ọ̀tún, èló ló gba òsì? Kò sí ẹni tó lè fi ojú lásán mọ̀.

Ní 1936, Hardy Cross, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Illinois, gbé ọ̀nà kan jáde tó dà bí ọ̀nà tí àwọn ìyá wa ń gbà se ọbẹ̀. O kò mọ iye tó yẹ kí iyọ̀ jẹ́? Bu díẹ̀ sí i, tọ́ ọ wò, tún un ṣe, tún tọ́ ọ wò. Cross ní kí o kọ́kọ́ méfò iye omi tó wà nínú páìpù kọ̀ọ̀kan, kí ohun tó wọ oríta kọ̀ọ̀kan ṣáà bá ohun tó jáde níbẹ̀ mu. Lẹ́yìn náà, fi ìṣírò rìn yí òrùka páìpù kan po. Bí agbára tí omi pàdánù lápá ọ̀tún kò bá dọ́gba pẹ̀lú ti apá òsì, àméfò rẹ kò tọ̀nà. Ìṣírò fúnra rẹ̀ yóò sọ iye tí o máa fi tún un ṣe. Tún un ṣe, kí o bọ́ sí òrùka kejì. Máa yí i títí àṣìṣe yóò fi kéré débi tí kò já mọ́ nǹkan.

Fún ìlú kékeré, ẹnjiníà kan lè fi bébà àti pẹ́ńsù lo ọ̀pọ̀ ọjọ́ sórí rẹ̀. Fún ìlú ńlá, ẹ má wulẹ̀ dán an wò. Ní nǹkan bí 1950, Malcolm McIlroy gbé ẹ̀rọ kan jáde ní Amẹ́ríkà tó fi iná mànàmáná rọ́pò omi. Ó to wáyà bí páìpù ìlú ṣe tò, ó jẹ́ kí iná máa sá nínú rẹ̀, ó wá ń wọ̀n ọ́n. Nígbà tó fi máa di 1957, àwọn kan ti gbé ìṣírò Cross fún kọ̀ǹpútà. Iṣẹ́ atúnṣe-tún-tọ́wò gan-an ni kọ̀ǹpútà mọ̀ ọ́n ṣe, kì í rẹ̀ ẹ́, kì í sì í bínú.

Láti ibẹ̀, nǹkan yára. Ní Harvard, láàrin ọdún 1955 sí 1962, Arthur Maass àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pe onímọ̀ ẹ̀rọ, onímọ̀ ọrọ̀ ajé àti onímọ̀ ìṣèlú jókòó sídìí tábìlì kan náà, wọ́n ń fi kọ̀ǹpútà dán onírúurú ètò dáàmù wò kí ẹnikẹ́ni tó gbẹ́ ilẹ̀. Ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1962 yí iṣẹ́ náà padà. Ní 1971 ni SWMM jáde, ètò kọ̀ǹpútà tí ìjọba Amẹ́ríkà ṣe fún òjò ìlú: ó ń bá òjò láti orí òrùlé dé gọ́tà, láti gọ́tà dé odò. Ní 1993, Lewis Rossman, tó ń ṣiṣẹ́ fún àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń dáàbò bo àyíká, gbé EPANET jáde fún omi ẹ̀rọ. Èyí kì í sọ ibi tí omi gbà nìkan. Ó ń sọ ọjọ́ orí omi náà nínú páìpù, àti bí oògùn tí wọ́n fi pa kòkòrò inú rẹ̀ ṣe ń tán lọ́nà. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì. Ọmọ yunifásítì ní Àkúrẹ́ lè gbà á sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ lálẹ́ òní láìsan kọ́bọ̀.

Ẹ wo ohun kan tó pa mí lẹ́rìn-ín. Nígbà tí àwọn ìlú òkèèrè rí i pé kíkọ́ gọ́tà ńláńlá nìkan kò lè tọ́jọ́, wọ́n fi nǹkan tuntun kún SWMM, kí ènìyàn lè dán ohun tó ń dá òjò dúró síbi tó ti rọ̀ wò: ọgbà kéékèèké, ilẹ̀ tó ń mu omi, àti dúrọ́ọ̀mù tí wọ́n gbé sábẹ́ òrùlé. Dúrọ́ọ̀mù! Èyí tí ìyá mi gbé sábẹ́ páànù ní gbogbo ìgbà òjò, tí a fi ń fọṣọ, tí èmi ọ̀mọ̀wé wá sọ fún un pé kó gbé e kúrò nítorí pé kò bá ojú ilé mu. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ níbi tó wà.

Àwòṣe tàbí àfarawé?

Ẹ mọ̀ pé mi ò lè kọ nǹkan kí n má fi ẹnu kan ọ̀rọ̀. Kí ni ká máa pe ohun tí àwọn ẹnjiníà ń kọ́ sínú kọ̀ǹpútà yìí? Àwọn kan ní àwòṣe, àwọn kan ní àfarawé. Àwòṣe ni ohun tí a ń wò kí a tó ṣe nǹkan, bí èyí tí télọ̀ fi ń gé aṣọ. Àfarawé ni ohun tí a ṣe kó lè jọ ohun tó ti wà. Lójú tèmi, a nílò méjèèjì, wọ́n sì ní ètò tí wọ́n fi ń tẹ̀lé ara wọn. Ẹnjiníà kọ́kọ́ ń ṣe àfarawé odò nínú kọ̀ǹpútà. Ó ń fi òjò àná dán an wò bóyá ó máa ṣe ohun tí odò gidi ṣe lánàá. Bó bá jọra, nígbà náà ló tó di àwòṣe fún ọ̀la. Ẹni tó bá fo ìpele àkọ́kọ́, iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe àwòṣe, àròsọ ni.

Èyí ló mú mi rántí iṣẹ́ tiwa. Nínú ìmọ̀ ìtàn èdè, a ń kó àwọn èdè tó jẹ́ ọmọ ìyá jọ, a ń fi wọ́n wéra, a sì ń gbìyànjú láti mọ bí ìyá wọn ṣe ń sọ̀rọ̀ kó tó kú. Yorùbá ní omi, Ìṣẹ̀kírì ní omi, Ígálà náà ní omi. A lè fi ìdánilójú sọ pé baba ńlá gbogbo wọn pè é bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ tí Fẹ́mi Akinkugbe ṣe ní Ìbàdàn ní 1978 lórí àwọn èdè wọ̀nyí ṣì ń kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ títí dòní. Ṣùgbọ́n bí a bá kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, a máa ń fi ìràwọ̀ kékeré síwájú rẹ̀: *omi. Ìràwọ̀ yẹn ń sọ fún òǹkàwé pé, "Ẹnikẹ́ni kò gbọ́ èyí rí. A ṣírò rẹ̀ ni." Ní 1868, August Schleicher, ará Jámánì, kọ odidi ìtàn àgùntàn àti ẹṣin ní irú èdè bẹ́ẹ̀, èyí tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ rí. Ní 1939, wọ́n tẹ ìtàn náà bí Hermann Hirt ṣe tún un kọ jáde, ó sì yàtọ̀ gan-an, torí pé ìmọ̀ ti pọ̀ sí i. Schleicher kì í ṣe òmùgọ̀. Ìràwọ̀ ló yẹ kí àwọn tó ń kà á rántí.

Ó yẹ kí nọ́ńbà tó bá jáde láti inú kọ̀ǹpútà náà ní ìràwọ̀ tirẹ̀. Mo fẹ́ fi ìtàn méjì ti èyí lẹ́yìn.

Àkọ́kọ́: ní Dover Township ní ìpínlẹ̀ New Jersey, níbi tí ìlú Toms River wà, àrùn jẹjẹrẹ pọ̀ jù láàrin àwọn ọmọdé. Àwọn òbí fura sí omi ẹ̀rọ, torí pé kẹ́míkà ti wọ inú àwọn kànga kan. Ṣùgbọ́n omi àná ti ṣàn lọ. Ta ló fẹ́ sọ ilé tó mu omi kànga wo ní ọdún 30 sẹ́yìn? Àwọn onímọ̀ ìjọba lo EPANET. Wọ́n wọn omi inú páìpù ìlú náà ní 1998 kí wọ́n lè mọ̀ bóyá àfarawé wọn tọ́, lẹ́yìn náà wọ́n fi rìn padà sẹ́yìn, oṣù kan tẹ̀ lé òmíràn, láti 1962 dé 1996. Wọ́n rí i pé ìbátan wà láàrin omi kànga kan báyìí tí àwọn aboyún mu àti àrùn jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ lára àwọn ọmọbìnrin. Ìwádìí èdè ìyá gan-an nìyẹn, ṣùgbọ́n omi ni wọ́n fi ṣe é. Àwọn òbí tí wọ́n ń pè ní aláriwo tẹ́lẹ̀ rí ẹ̀rí gbé lé ọwọ́.

Ìkejì: Cape Town, ní Gúúsù Áfíríkà. Ọ̀dá dá wọn láti 2015 dé 2017, dáàmù wọn sì gbẹ débi tó ń bani lẹ́rù. Ní January 2018, ìjọba ìlú fi ìṣírò mú ọjọ́ kan nínú oṣù April, wọ́n ní ọjọ́ náà ni àwọn máa ti ẹ̀rọ omi ilé, tí oníkálùkù yóò lọ tò sórí ìlà láti gba lítà 25. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má lò ju lítà 50 lójúmọ́ lọ láti 1 February. Àwọn ará ìlú dín omi kù. Àwọn àgbẹ̀ kan fi omi tiwọn sílẹ̀ fún ìlú. Wọ́n sún ọjọ́ náà síwájú, wọ́n tún sún un, nígbà tó yá òjò rọ̀, ọjọ́ náà kò sì dé mọ́. Àwọn kan wá ń sọ pé irọ́ ni ìṣírò náà. Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá, ṣé ẹ̀yin náà máa sọ bẹ́ẹ̀? Bí babaláwo bá rí ibi, tó ní kí a rú ẹbọ, tí a rú u, tí ibi sì yẹ̀, ṣé a máa ń padà lọ bá a jà pé ibi tó rí kò dé?

Àṣìṣe tèmi

Ìlú wa tún rí i. Ní 26 August 2011, omi ya wọ ìgboro Ìbàdàn lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó pa èèyàn tó lé ní 100, ó wó afárá, ó ba ìdídò Ẹlẹ́yẹlé jẹ́, ó wọ inú Yunifásítì Ìbàdàn pàápàá. Ní 2014, Báǹkì Àgbáyé fọwọ́ sí ètò 200 mílíọ̀nù dọ́là láti bá Ìbàdàn dojú kọ ọ̀rọ̀ omíyalé. Wọ́n tún Ẹlẹ́yẹlé ṣe, wọ́n tún afárá ṣe, wọ́n sì ṣe ètò gọ́tà fún gbogbo ìlú. Irú ètò bẹ́ẹ̀, orí àwòṣe ló dúró lé. Ní ibi tí ẹ̀rọ tó ń wọn òjò àti odò kò pọ̀, ẹnu àwọn tó ń gbé etí odò ni a ti máa rí ohun tí a fi máa dán àwòṣe wò.

Ibí ni mo ti wọ̀ ọ́. Àwọn ọ̀dọ́ olùwádìí kan fẹ́ ya àwòrán ilẹ̀ tó ń fi ibi tí omi máa ń dé hàn ní ẹ̀bá odò Kúdẹtì. Wọ́n gbé ìbéèrè tí wọ́n fẹ́ bi àwọn ará àdúgbò wá bá mi, pé kí n túmọ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, bí mo ṣe rò. Mo kọ ọ́ báyìí: "Ǹjẹ́ omíyalé ti ṣẹlẹ̀ nínú ilé yín rí?" Gírámà rẹ̀ dára. Àmì ohùn rẹ̀ pé. Mo gba ọpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo padà sídìí ìwé mi.

Wọ́n lọ láti ilé dé ilé. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn onílé ní rárá. Ilé tó bá ní rárá, wọ́n fi àwọ̀ ewé kùn ún lórí àwòrán, èyí tó túmọ̀ sí pé kò séwu.

Ní ìgbà òjò tó tẹ̀ lé e, ògiri ẹ̀yìnkùlé ọ̀kan nínú àwọn ilé aláwọ̀ ewé yẹn wó lu ọmọdékùnrin kan, ó sì kán an lẹ́sẹ̀. Àwọn olùwádìí náà pè mí, ohùn wọn ń gbọ̀n. Mo bá wọn lọ. Ìyá àgbà tó ni ilé náà jókòó sórí àpótí, ó ń wo wa. Mo kí i, mo bá a kẹ́dùn, mo wá ní, "Ìyá, ẹ má bínú. Ṣebí ẹ sọ fún àwọn ọmọ yìí pé omíyalé kò ṣẹlẹ̀ níbí rí?"

Ó wò mí bíi pé mi ò gbọ́ Yorùbá. Ó ní, "Tíṣà, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká rí omíyalé. Àgbàrá lèyí. Ọdọọdún ló máa ń gba ẹ̀yìnkùlé yìí kọjá lọ sódò."

Mo ti fi ọjọ́ ayé mi kọ́ ènìyàn ní èdè yìí, ìyá tí kò kàwé ló wá kọ́ mi ní ìyàtọ̀ ọ̀rọ̀ méjì. Omíyalé ni èyí tí rédíò ń kéde, tó ń gbé òkú lọ. Àgbàrá ni èyí tí a bá gbé. Mo bi wọ́n ní ọ̀rọ̀ ikú, wọ́n sì dáhùn bí Yorùbá ṣe ń dáhùn ọ̀rọ̀ ikú, pẹ̀lú àdúrà. Ta ló máa jókòó sínú ilé rẹ̀ kó sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, àjálù wà níbí? Yàtọ̀ sí ìyẹn, àwọn kan ti rí i tí ìjọba fi ọ̀dà pupa sàmì sára ilé etí odò láti wó o. Lójú tiwọn, ẹni tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni ń pe katakata wá sílé ara rẹ̀. "Rárá" tí kọ̀ǹpútà gbà wọlé kì í ṣe rárá, kò sì sí kọ̀ǹpútà tó lè mọ̀.

A tún ìbéèrè náà kọ, ìyá àgbà ló sì bá wa kọ ọ́: "Bí òjò bá rọ̀ gan-an, ibo ni àgbàrá máa ń gbà kọjá nínú àgbàlá yín? Èyí tó ga jù tí ẹ fojú rí, ibo ló dé? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọwọ́ kàn án hàn wá." Ìyá fi ọwọ́ kan orúnkún rẹ̀. Wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ní ilé kejì, bàbá kan fọwọ́ kan ògiri. Ní ilé kẹta, ọmọdé ló fi ibi tó dé hàn wá, torí ìyá rẹ̀ kò sí nílé. Nígbà tí a fi máa jáde ní òpópónà yẹn, àwọ̀ ewé orí àwòrán náà kò kù ju díẹ̀ lọ. Wọ́n tún gbogbo àdúgbò yòókù lọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ̀ ọmọ náà ti san, ó ń gbá bọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dúpẹ́ lọ́wọ́ mi lórí iṣẹ́ yẹn mọ́.

Nítorí náà, ìwọ ẹnjiníà mi, ohun tó kàn mí nínú ọ̀rọ̀ páìpù nìyẹn. Kọ̀ǹpútà yín lágbára ju ti Hardy Cross àti bébà rẹ̀ lọ. Ìṣírò rẹ̀ kì í ṣì. Ṣùgbọ́n ó dà bí ìyá onílé mi ti 1980: ohun tí a bá sọ fún un láti 1964 ló mọ̀. Bí ẹ bá tún ń kọ́ àwòṣe fún ìlú tó ń sọ Yorùbá, kí ẹ tó tan ẹ̀rọ, ẹ wá ẹni tó gbọ́ èdè àdúgbò náà dáadáa, kí ẹ sì fi ìràwọ̀ síwájú gbogbo nọ́ńbà tí ẹ kò tíì rí ẹni fọwọ́ kàn ògiri fún.

Ẹ̀yin yòókù, iṣẹ́ àṣetiléwá yín nìyí, bíi ti àtijọ́. Ẹ bi ẹni tó dàgbà jù nínú ilé yín ní ìbéèrè mẹ́ta. Kí ni orúkọ odò tàbí ìṣàn tó wà nítòsí wa, títí kan èyí tí wọ́n ti kọ́lé lé lórí? Ibo ni àgbàrá máa ń gbà kọjá? Ibo ló ga dé jù, ní ọdún wo? Ẹ kọ ìdáhùn náà sílẹ̀. Bí ẹ bá ní ọ̀dà, ẹ fa ìlà kékeré sára ògiri níbi tí wọ́n bá fọwọ́ kàn, kí ẹ kọ ọdún sí i. Ẹ má jẹ́ kó di ọdún tó ń bọ̀. Téèpù mi kọ́ mi pé ohùn àgbàlagbà kì í dúró de ènìyàn.

Òjò ti dá díẹ̀ báyìí. Ẹ jẹ́ kí n lọ fi igi fa ọ̀rá kúrò nínú gọ́tà iwájú ilé mi kí òmíràn tó bẹ̀rẹ̀. Ọlọ́run yóò jẹ́ ká fi òjò ọdún yìí ṣe àǹfààní. Ó dàbọ̀.